Oògùn Inú Ẹ̀jẹ̀ Ẹṣin

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Ìgò ti fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin eré ìje wò, ìgò tó kún ọwọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìgò kì í ní orúkọ ẹṣin lára, nọ́ńbà nìkan ni. Oògùn tí ń mú wíwú àti ìrora rọlẹ̀ ló ń wá jù, torí ẹṣin tó farapa tí oògùn kò jẹ́ kó mọ̀ á sáré títí ẹsẹ̀ á fi kán. Ó ti rí ọ̀kan tó kán. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè bá a dọ́gbọ́n sí èsì.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ẹ̀rọ bá oògùn nínú ìgò kan. Kì í tilẹ̀ ṣe oògùn ẹṣin. Oògùn ènìyàn ni, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń rà fún bàbá rẹ̀ tí ìbàdí ń dà láàmú. Ó tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan náà ló já sí. Ó fọwọ́ sí èsì náà, ó gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ti ibi iṣẹ́ dé láìkí ẹnikẹ́ni. Olùtọ́jú ẹṣin ni, iṣẹ́ náà ló ṣe tí irun rẹ̀ fi funfun. Ó ní wọ́n bá oògùn lára ẹṣin tó wà níkàáwọ́ òun, wọ́n sì fẹ́ lé ọ̀gá àwọn kúrò nídìí eré ìje. Ó fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí pé òun kò fún ẹṣin ní nǹkan kan.

Ìyá Ìgò rántí ìgò ọjọ́ Ajé. Ó mọ̀ pé oògùn tí ènìyàn bá gbé mì, ìtọ̀ ló ń bá jáde, ó sì mọ̀ pé ẹṣin a máa jẹ koríko gbígbẹ tí wọ́n tẹ́ fún un sùn. Ṣùgbọ́n ta ní í bi bàbá rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí? Ó kúnlẹ̀ kó tó lè lanu.

"Bàbá, ẹ má bínú. Níbo lẹ ti ń tọ̀ níbi iṣẹ́?"

Bàbá wolẹ̀, ó dáhùn. "Ilé ìtọ̀ jìnnà. Ìbàdí ò jẹ́ n rìn débẹ̀ mọ́. Orí koríko ẹṣin ni." Ó tún ní, "Sọ fún wọn pé èmi ni mo fún un lóògùn. Kí wọ́n pè mí ní ọ̀daràn sàn ju kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín lọ."

Ikú yá ju ẹ̀sín lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ì bá gbé ọ̀gá náà lọ pẹ̀lú bàbá, torí ọ̀gá ló ń jíhìn fún ohun tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe. Ìyá Ìgò sunkún ní ilé ìdáná, nígbà tó sì di òwúrọ̀, ó lọ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ eré ìje bó ṣe rí gan-an, kò fi pamọ́ pé bàbá òun ni.

Wọ́n dá ọ̀gá sílẹ̀. Wọ́n dá bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ẹni tí kò lè rìn dé ilé ìtọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ fa ẹṣin? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọ ọ́ sára ògiri ilé ẹṣin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ̀ síbí.

Nígbà tí Ìyá Ìgò dé nírọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ ti àga, ó rọra dìde dúró fún un, ó sì ṣí fìlà.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá."