Ọjọ́ tí Fóònù Fi Ẹ̀gbọ́n Mi Hàn Láàrin Agbami

Ọjọ́ Sátidé tí mo kó ìtìjú bá ilé wa ní Kábà ni n kò lè gbàgbé láé. Fúnmi, ẹ̀gbọ́n mi, wà nílùú òyìnbó, fóònù mi sì máa ń fi ibi tó bá wà hàn wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rí i pé àárín agbami ló wà. Mo pè é títí, kò wọlé. Mo figbe bọnu: "Màmá, Fúnmi ti bómi lọ!"

Màmá tú gèlè jù sílẹ̀. Kó tó pẹ́, àwọn ìyá ìjọ ti kún ilé, ẹkún sọ.

Àfi bí Fúnmi ṣe pè, tí ojú rẹ̀ yọ nínú fóònù. Ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó wo èrò tó ń sunkún.

Ó kí Màmá bí a ṣe ń kíra wa ní Kábà: "Okun o, Màmá. Ta ló kú nílé wa?"

Gbogbo ojú yí sí mi. Títí dòní, bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.