Ṣúgà Inú Ibojì Alhaja Nabawiyya

Khalaf kì í ṣe olè o, ẹ má pè é lólè. Òṣùwọ̀n rẹ̀ péye, kì í sì í jágbe mọ́ àwọn opó tó ń ra tíì díẹ̀díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Minya, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Owó ló yí i lórí. Ṣúgà ń gbówó lórí lójoojúmọ́, ìjọba bínú, wọ́n dá iye kan lé e, wọ́n ní ẹni tó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ Khalaf ti ta wúrà ìyàwó rẹ̀, ó ti fi gbogbo owó náà ra ṣúgà jọ. Tó bá tà á níye ìjọba, wúrà lọ nìyẹn. Tó bá gbé e pamọ́ di ọdún ààwẹ̀, tí gbogbo ilé ń ṣe bísíkíìtì ọdún, ó di olówó.

Níbo ni yóò wá gbé e pamọ́ sí? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pàápàá. Ọkàn rẹ̀ bá lọ sí ibojì ìdílé wọn ní òdìkejì odò, yàrá tó nílẹ̀kùn, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń jókòó bá òkú wọn sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, Alhaja Nabawiyya, ẹni tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ó fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn àpò náà lọ, ó tò wọ́n yí ìyá rẹ̀ ká, ó ti ilẹ̀kùn, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

“Ẹ bá mi ṣọ́ ọ o, ìyá mi,” ló wí, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ!

Láti ọjọ́ náà, “kò sí ṣúgà” ló ń wí fún gbogbo èèyàn. Ìyá Shaban, aládùúgbò rẹ̀, wò ó látòkè délẹ̀.

“Khalaf, ìyá ẹ ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.”

“Ìyá mi ti kú, Ìyá Shaban.”

“Àbí?” ni obìnrin náà wí, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sọdá odò ní ọ̀sán gangan láti lọ kó ẹrù rẹ̀. Bàbá Bayyumi tó ń ṣọ́ itẹ́ òkú pàdé rẹ̀ lọ́nà, inú rẹ̀ ń dùn.

“Khalaf, Ọlọ́run á kẹ́ Alhaja. Tíì tí mo mu láàárọ̀ yìí, ṣúgà rẹ̀ ni.”

“Ṣúgà ta ni?”

“Ti ìyá ẹ ni. Ṣebí iye ìjọba ló ń tà á? Àwọn obìnrin ń tò sẹ́nu ọ̀nà.”

“Bàbá, ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn?”

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Onílé ló ń ṣílẹ̀kùn. Èmi kì í wojú ní tèmi, ohùn nìkan ni mo ń gbọ́.”

 Khalaf fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, eruku ṣì bo àgádágodo, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó ṣí i. Inú yàrá tutù bí omi kànga. Àwọn àpò ti ṣófo, ẹnì kan ti ká wọn jọ létòlétò, gẹ́gẹ́ bí Alhaja ṣe máa ń ká wọn. Owó wà lórí ibojì, iye ìjọba gan-an, kò lé, kò dín. Ó mú un, ó rin bí ohun tí ọwọ́ tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

“Ìyá mi?” ló pè. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí wọ́n dá òun lóhùn.

 Hóró ṣúgà tó dà sílẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan ń rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ó yíjú padà. Kò sí ẹnì kankan.

Ó sá dé etí odò, ó bẹ́ sínú ọkọ̀. Àwọn obìnrin ló kún ibẹ̀, Ìyá Shaban wà láàárín wọn, ṣúgà wà nínú ìborùn tí wọ́n dì sórí itan, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń ka Fátíhà bí wọ́n ṣe ń kà á fún òkú.

“Fún Khalaf, ọmọ Nabawiyya,” ni wọ́n wí. “Kí Ọlọ́run forí jì í.”

“Ẹ dákun, kí lẹ ń ṣe? Mo ṣì wà láàyè!”

“A mọ̀,” ni Ìyá Shaban wí, kò tilẹ̀ wò ó. “Ìyá ẹ ló bẹ̀ wá. Ó ní ká yáa kà á fún ẹ báyìí, torí tó o bá kú tán, kò sẹ́ni tó máa kà á.”

 Khalaf jókòó sáàárín wọn. Wọ́n tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.