Ọkọ mi tí kì í sọ pé ó ń dun òun

Yẹ̀kínì ọkọ mi, bàbá Mùnírátù, àgbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, ní abúlé kan lẹ́yìn Igbó-Ọrà. Bó ti wù kí nǹkan burú tó, bí ẹ bá bi í, "A dúpẹ́" ni yóò fi dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbọ́ tó fi "gidigidi" kún un: ọjọ́ tí iná jó ẹ̀gúsí wa tán lóko, àti ọjọ́ tí a sin Fọlábí, àkọ́bí wa.

Lọ́dún 1978, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kó má mí hẹlẹ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Ìbàdàn, wọ́n la àyà rẹ̀, wọ́n tún ọkàn náà ṣe. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n wá jókòó tì í.

Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan, Rosaline, yà sọ́dọ̀ wa.

"Bàbá, báwo lara?"

"A dúpẹ́ gidigidi, ọmọ mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tí a la àyà ẹ̀ láná! Ìyá, ẹ ṣọ́ bàbá yìí o, wọ́n máa gbé ìyàwó tuntun wálé."

Kò tíì tó àkókò àtiwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ló bá kọjá sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ni mí, tí n óò pe ọkọ mi ní onírọ́ lójú àlejò? Mo ka tẹ̀sùbáà mi yípo lẹ́ẹ̀kan gbáko kí n tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù bí omi àmù, títí dé orúnkún.

"Nọ́ọ̀sì! Irọ́ ni bàbá ń pa!"

Rosaline sáré dé. Ó wo àpò ìtọ̀, kò sí ohun tó kán sínú ẹ̀. Ó figbe pe dókítà. Dókítà ní ọkàn ò lágbára àtiti ẹ̀jẹ̀ dé ibi gbogbo mọ́, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ń móoru díẹ̀díẹ̀. Ó lajú.

"Ìyá Mùnírátù."

"Mo wà níbí, bàbá."

"Ó ń dùn mí."

Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan tí mo fi jẹ́ aya rẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí. Mo di ẹsẹ̀ méjèèjì mú títí òtútù náà fi padà wá. Oògùn ò lè lé e mọ́. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ.

Mo jẹ́wọ́ fún dókítà pé mo ti fura kí n tó pariwo; ó ní tẹ̀sùbáà tí mo kà kọ́ ló pa á. Mo gbọ́.

Àwọn ará ilé wá kí mi. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyá. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́" dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Ó ń dùn mí," mo wí.