Owó Takisí Láti Kejetia sí Moshie Zongo

Ẹ má bá mi wí bí mo bá sọ pé n kò fọkàn tán dírẹ́bà takisí. Ojú mi ti rí nǹkan. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Ghana ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, dírẹ́bà tó ti ń gbé ìyá mi lọ sọ́jà láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wá kó ẹrù wa ní Sawaba, àdúgbò wa ní Kumasi. Ìlọ́po mẹ́rin owó tó máa ń gbà ló gbà lọ́jọ́ náà. Nígbà tó já wa sílẹ̀ tán, ó tún nawọ́, ó ní kí ìyá mi fún òun ní dáàṣì. Ìyá mi fún un! Mo wò ó lójú, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, mo sì búra nínú mi pé dírẹ́bà Kumasi kan kò ní í rẹ́ mi jẹ mọ́ láyé.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé bá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ló kọ ọ́, ìyá ará Ìlọrin kan tí ìsọ̀ tiwọn àti ti ìyá mi fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ní ọjà Kejetia fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyá mi ń ta abọ́ tánganran, ìyá Ìlọrin ń ta ìborùn àti tùràrí. Ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá Ìlọrin ń kírun, ṣùgbọ́n inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Ọkọ ìyá Ìlọrin rí ìwé gbà, wọn kò lé tiwọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú wa rí màbo yẹn, ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ wa ni ìyá Ìlọrin gbé àga sí lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fọ́ ọ. Lẹ́tà náà kò gùn. Wọ́n ní ara àwọn kò yá, àti pé bí ìyá mi bá fẹ́ fojú kan àwọn láyé, kí wọ́n má jẹ́ kí oṣù yẹn parí kí wọ́n tó wá.

A fèsì pé à ń bọ̀. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ti gba ìsinmi, mo ní màá sin ìyá mi lọ. Wọ́n ní àwọn lè dá lọ. Mo ní rárá o, àwọn dírẹ́bà á rẹ́ wọn jẹ. Èmi ni mo ṣẹ́ owó, èmi ni mo sì so ó mọ́dìí.

Ìyá mi ní àṣà kan tí n kò fẹ́ràn rárá. Kí wọ́n tó jókòó sínú takisí ni wọ́n ti máa ń fún dírẹ́bà ní nǹkan díẹ̀ lórí owó ọkọ̀. Wọ́n á ní ẹni tó bá fúnni lẹ́yìn ìrìn, ọpẹ́ ló ń dá. Ẹni tó bá fúnni ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ẹni tó bá sì ń kánjú ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó bá fún olè lówó kó tó jalè, ó kàn ń san owó iṣẹ́ olè fún un ṣáájú ni.

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán la dé Kejetia. Orúnkún ìyá mi ti wú nínú ọkọ̀ tó gbé wa láti Accra. A ní àpò èlùbọ́ kan àti apẹ̀rẹ̀ méjì lọ́wọ́. Ká ní kì í ṣe ẹrù àti orúnkún ni, ẹsẹ̀ ni à bá fi rìn dé Moshie Zongo, níbi tí ìyá Ìlọrin ń gbé.

Mo fi Twi béèrè iye owó ọkọ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, pé, "Moshie Zongo, ɛyɛ sɛn?" Ó wò mí, ó wo ìlà ojú ìyá mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Píjin ló fi dá mi lóhùn: "Ah, Mama, you be Alata! Long time o!" Alátà ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ó ní àádọ́ta pẹ́sùwà ni, ìyẹn ìdajì sídì kan, pẹ̀lú dáàṣì díẹ̀ nítorí ẹrù.

Orí mi gbóná. Ọgbọ̀n pẹ́sùwà là ń san kí wọ́n tó lé wa. Mo sọ fún un ní Twi pé ìhín ni wọ́n bí mi sí. Ó ní kò burú, epo ọkọ̀ ti gbówó lórí. Mo ní irọ́ ni.

"Fún un, jẹ́ ká máa lọ," ni ìyá mi wí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ó ti rí i pé a kì í ṣe ará ibí mọ́ ni."

Nígbà tí mo rò ó lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó lè jẹ́ pé inú ọmọ yẹn dùn láti rí wa ni. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gàn ni mo gbọ́. Dírẹ́bà kejì pe àádọ́ta. Ẹ̀kẹta náà pe àádọ́ta. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ti mọ̀ pé àádọ́ta ni owó ọkọ̀. Èmi sọ fún ìyá mi pé wọ́n ti jọ dìtẹ̀ ni, pé mo rí i tí ti àkọ́kọ́ ṣẹ́jú sí èkejì. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Bàbá arúgbó kan ló gbà láti gbé wa ní ọgbọ̀n pẹ́sùwà. Kò tilẹ̀ ná an. A wọkọ̀ tán ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ló dé tó tètè gbà? Ìyá mi ń tú etí aṣọ láti fún un ní tirẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú. A dé oríta kan tí mo mọ̀ pé iwájú tààrà ló yẹ ká gbà, bàbá yà sọ́tùn-ún, sínú ọ̀nà tóóró kan tí ewúrẹ́ ń jẹ kiri. Mo pariwo pé kó dúró, níbo ló ń gbé wa lọ? Ó ní wọ́n ti hú títì níwájú. N kò rí títì tí wọ́n hú. Mo ṣílẹ̀kùn, mo kó ẹrù sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá mi wí, "a mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Bàbá náà kò bú mi, kò sì gba kọ́bọ̀. "Due, maame," ló sọ fún ìyá mi, bí ẹni ń kí ènìyàn pẹ̀lẹ́, ó sì wakọ̀ lọ. Àìgbowó rẹ̀ tún wá jẹ́ ẹ̀rí lójú mi. Mo ní ẹni rere wo ni yóò gbéni débí tí kò ní í béèrè nǹkan?

A pẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àpò èlùbọ́, wọ́n gbọ́wọ́ lé orúnkún. A gbọ́ tí wọ́n pe ìrun Alásárì ní mọ́ṣáláṣí kan nítòsí. Ìyá mi ní, "Ó yẹ ká ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí." Nígbà tó yá, takisí kan dúró. Ó pe àádọ́ta, mo ná an títí ó fi gba ogójì, inú mi sì dùn. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn gan-an.

Ọ̀nà ewúrẹ́ yẹn gan-an ló gbà. Níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀, mo rí títì ńlá lápá òsì, wọ́n ti hú u kanlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ pupa. N kò wo apá ibi tí ìyá mi jókòó sí.

Àwọn ọkùnrin ń wọ agboolé ìyá Ìlọrin bọ̀ nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀. Erùpẹ̀ wà lára bàtà wọn. Ọkọ ìyá Ìlọrin, àfáà àgbà, wà láàárín wọn. Wọ́n dá ìyá mi mọ̀, wọ́n sì gbọ́wọ́ lérí.

"Subuhánálláhì! Ìgbà yìí lẹ dé? Ọ̀rẹ́ yín fi wá sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ló yẹ ká sin ín. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró, torí láti ìjẹta ló ti ń wí pé ẹ ń bọ̀. A dúró títí a fi kírun Alásárì, wàláhì. A ò lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ojú tì mí. Ká ní a bá bàbá arúgbó yẹn lọ, ìyá mi ì bá fojú kan ọ̀rẹ́ wọn kí wọ́n tó gbé e jáde.

Wọ́n tẹ́ ẹní fún ìyá mi láàárín àwọn obìnrin. Ìyá mi kò sunkún. Wọ́n gba omi, wọ́n mu ún, wọ́n gbé ife kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi níṣojú gbogbo èèyàn, ohùn wọn kò sì le.

"Èló lo rí yọ níbẹ̀?"

Mo gbé àpò èlùbọ́ ti ògiri. Wọ́n tún bi mí.

"Pẹ́sùwà mẹ́wàá, mà."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Tọ́jú ẹ̀ dáadáa." Ìgbà náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.