Ìyá Ọ̀jẹ̀túndé àti Omi Ẹ̀fọ́

Ìtàn tí gbogbo ìlú Tẹ̀dé mọ̀ nípa olóògbé Ìyá Ọ̀jẹ̀túndé ni ti ọjọ́ tó mu omi ẹ̀fọ́ lójú àwọn àna rẹ̀. Ọjọ́ ìkómọ ni. Àwọn obìnrin tó ń dáná ti bọ tẹ̀tẹ̀, wọ́n fún un gbẹ bí aṣọ, wọ́n sì fẹ́ da omi rẹ̀ nù. Ìyá fò dìde.

"Ẹ dúró! Kí lẹ fẹ́ dà nù yẹn?"

"Omi ẹ̀fọ́ ni, Màmá."

"Oúnjẹ ni! Ẹ fẹ́ fi oúnjẹ bọ́ ilẹ̀, kí ẹ wá bu pàǹtí fún àlejò!"

Ó gba abọ́ náà, ó mu ún tán, ó sì gùfẹ̀. Láti ọjọ́ náà, alásè tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán á kọ́kọ́ gbé abọ́ pamọ́.

Ìbínú rẹ̀ nídìí. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀, Bàbá Ọdẹmúyìwá, ń ru, kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Ọdẹ ni Bàbá. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ewé ni ọ̀yà ń jẹ, ọ̀yà ni èmi ń jẹ. Èmi àti ewé ti pàdé."

"Ìbọn yín ló pa ọ̀yà," Ìyá dá a lóhùn, "ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́!"

Ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sẹ́yìn ilé. Á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, á fi irú àti ẹ̀gúsí sè é, kò sì ní jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Àwọn ọmọ a máa fi ìka nu àwo. Bàbá nìkan ló ń ṣa ewé kúrò lára ẹran bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá tilẹ̀ se ewúro láì fọ̀ ọ́, nítorí òun kì í da omi ewé nù. Bàbá fi òkèlè kan ẹnu, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyá Ọ̀jẹ̀túndé, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ̀fọ́ náà dùn!" Ìyá bu òkèlè tirẹ̀, ó gbé e mì. "Ó dùn gan-an." Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó Ọ̀jẹ̀túndé, gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹran síwájú Bàbá. Kò sí ewé kankan nínú rẹ̀.

"Ẹ̀fọ́ dà?"

"Bàbá, ẹ kì í kúkú jẹ ẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ṣé torí pé Ìyá kò sí nílé lẹ ṣe fẹ́ fi ẹran pa mí?"

Ó lọ já ewé wá fúnra rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ sè é. Ó jẹ́ kó pẹ́ lórí iná títí ó fi dúdú. Bàbá jẹ ẹ́ tán.

"Ṣé ó dùn, Bàbá?"

"Kò dùn rárá." Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bù sí i."