Ọjọ́ Tí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Wẹ̀ Wá ní Bẹẹrẹ

Èmi ni mo jẹ̀bi lọ́jọ́ Sátidé tí n kò lè gbàgbé náà. Bàbá apẹja kan gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Bẹẹrẹ. Sítátà rẹ̀ kò lágbára mọ́. Mo sọ fún ọ̀gá pé Múfú, ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó tún un ṣe kẹ́yìn, ló bà á jẹ́. Ọ̀gá lé Múfú lọ sílé.

Mo tú sítátà palẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Bàbá ní, “Ìwọ mẹkáníìkì orí ilẹ̀, ṣé o ti wo orí bátìrì?” Nǹkan funfun bí ẹfun ti bò ó. Mo ha á, a ki ìdí ẹ́ńjìnnì bọ dúrọ́ọ̀mù omi bíi pé ó wà lójú odò, mo ṣáná sí i. Ó bú ramúramù, ó wẹ gbogbo wa.

Ọ̀gá pe Múfú padà. Ojú ọ̀gá ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́, àmọ́ kọ̀rọ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀ ojú ọ̀gá.