Òkú Tó Ní Kí Wọ́n Má Kí Òun

Bàbá ìyàwó mi kò kọ́kọ́ béèrè iṣu, kò béèrè ọtí. Ohun tó ní kí n ṣe kí òun tó fún mi ní ọmọ òun ni pé kí n túmọ̀ ewì.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Dàhòmè gba òmìnira ni. Èmi, ọmọ Nàgó tí wọ́n bí sí Kútọnu, ń ṣe olùkọ́, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ìwé ò lè yanjú. Bàbá náà, onígbàgbọ́, ará Pobè nílẹ̀ Nàgó, ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba. Ilé rẹ̀ wà ní àdúgbò Jonquet ní Kútọnu, láàárín àwọn ilé ọtí. Níwájú ilé ló máa ń jókòó sí, tí á máa ka ewì gígùn kan sókè ní èdè Faransé. Ará Itálíà ayé àtijọ́ kan ló kọ ọ́, nípa alààyè kan tó rin ìrìn àjò lọ sọ́dọ̀ àwọn òkú. Bí orin ilé ọtí bá ga, òun náà á gbé ohùn sókè. Àwọn ará àdúgbò mọ ọ̀nà ọ̀run àpáàdì ju ọ̀nà etíkun Fidjrossè lọ.

Ibi tó fi dán mi wò nìyí. Nínú ewì náà, òkú méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú kan náà pàdé, wọ́n sì dì mọ́ra wọn dáadáa. Nígbà tó yá, òkú mìíràn rí ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí, tó jẹ́ àgbà tó ti ń bọlá fún láti ayé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Àgbà náà ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé òjìji lásán ni àwọn méjèèjì.

“Olùkọ́ ńlá,” ni bàbá wí, “bí òjìji bá lè dì mọ́ òjìji lánàá, kí ló dé tí kò lè di ẹsẹ̀ mú lónìí? Lọ rò ó wá.”

Mo rò ó títí orí fi fẹ́ fọ́. Mo kọ́kọ́ wá sọ fún un pé akéwì náà gbàgbé ni. Ó kàn wò mí láti òkè délẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, mo mú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àti ara wá, mo fi Faransé aládùn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Bàbá sùn lọ. Ọmọbìnrin tí mo ń torí rẹ̀ jìyà wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi, òun sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀!

Nígbà tí mo tún ń lọ sílé bàbá, mo ti pinnu pé bí n kò bá lè tú u lọ́jọ́ náà, n kò ní dé ibẹ̀ mọ́. N kò tíì lanu tí àbúrò bàbá fi ti Pobè dé. Òun alára ti hu ewú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá lórí iyanrìn.

“Ó tó, dìde, má ba aṣọ rẹ jẹ́,” ni bàbá wí.

Kò dìde.

“Mo ní o dìde! Ṣé àgbà kọ́ ni àwa méjèèjì?”

Kò mira. Ojú bàbá ń dán bí ojú ọmọ tó rí àkàrà. Ó fọwọ́ kan án léjìká, ó súre fún un títí, kí ọkùnrin náà tó dìde.

Ìgbà náà ni mo rántí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wá sílé yẹn, mo wọ ṣòkòtò funfun tuntun. Àyà mi kò tíì kanlẹ̀ tí bàbá fi ní, “Ó tó, dìde.” Mo sì dìde! Mo tún dúpẹ́! Àṣé bàbá alárékérekè yìí mọ̀ọ́mọ̀ yan ibẹ̀ yẹn fún mi ni.

“Bàbá,” ni mo wí, “àwọn tó dì mọ́ra, ẹgbẹ́ ń kí ẹgbẹ́ ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ ń kí baba ni. Àgbà tó ní kí wọ́n má kí òun kò kọ ìkíni. Bó ṣe ń gbà á nìyẹn.”

Ó pa ìwé dé. “Bóyá ohun tó wà lọ́kàn ará Itálíà kọ́ nìyẹn,” ó ní, “ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn ará Pobè nìyẹn. Kí lo wá ń dúró ṣe?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Dìde,” ni bàbá wí.

N kò dìde.

“Ó tó báyìí.”

Iyanrìn ti wọ̀ mí lẹ́nu, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá mo ti ṣe é jù. Mo dúró síbẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ tó ké sí ìyàwó rẹ̀ nínú ilé pé, “Bu omi wá fún àna wa.”